Ìtọ́jú Tí Àwòdì Yàn

Obìnrin kan wà tó ń wa kirénì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá. Kirénì ni ẹ̀rọ gíga tí ń fi apá kan ṣoṣo gbé ohun tí ogún ọkùnrin kò lè mì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ sọ obìnrin náà ní Àwòdì, nítorí pé òkè ló ń gbé, ojú rẹ̀ sì mú. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí ọkọ rẹ̀ bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ nínú ilé, ó lè kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn bóyá àlejò ló wọlé.

Àkàbà irin ni wọ́n fi ń gun ẹ̀rọ náà. Ó gba inú òpó lọ sókè, títí ọrùn ẹni tó ń wò ó yóò fi máa ro ó. Lókè téńté ni yàrá gíláàsì kan wà tí kò tóbi ju àpótí aṣọ tí a nà ró lọ. Àga kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí lọ́tùn-ún àti lósì, rédíò ọwọ́, fèrèsé níwájú, fèrèsé lábẹ́ ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni Àwòdì ń jókòó láti àárọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Oòrùn ń gba gíláàsì wọlé bá a. Bó bá di ọ̀sán, òógùn á ti mú ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ rin gbindin.

Síbẹ̀ kì í mu omi. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó ti wa kirénì ṣáájú rẹ̀ a máa gbé ike kan gòkè, wọn a tọ̀ sínú rẹ̀, wọn a dé e pa. Obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì fẹ́. Bó bá sì ní kí òun sọ̀kalẹ̀ lọ tọ̀, gbogbo iṣẹ́ yóò dúró. Àwọn tó ń po kọnkéré, àwọn tó ń di irin, gbogbo wọn yóò káwọ́ lẹ́yìn, wọn yóò gbójú sókè, wọn yóò máa wo bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá àkàbà. Ó mọ ohun tí wọn yóò sọ: "Ẹ ò rí nǹkan? A ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin." Nítorí náà, ó fi ìyà kọ́ ara rẹ̀. Ife tíì kan ní ìdájí, ó tán. Omi di ìrọ̀lẹ́. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i rí kó sọ̀kalẹ̀ kí fèrè ìrọ̀lẹ́ tó dún. Ọ̀gá iṣẹ́ a máa fi í yangàn fún àlejò: "Èyí tó wà lókè yẹn, bó bá ti gòkè, ó gòkè nìyẹn."

"Àpò ìtọ̀ mi," ni Àwòdì máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀, "irin ni wọ́n fi rọ ọ́."

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ rẹ̀ lọ. "Irin náà a máa dípẹtà," ló máa ń fi dá a lóhùn.

Afárá náà ti fẹ́ẹ̀ parí. Apá kan ti etí odò ti ìhín wá, apá kejì ti etí odò ti ọ̀hún wá, ó ku kí wọ́n pàdé láàárín. Ìtì kọnkéré gígùn gígùn ni wọ́n fi ń so òpó pọ̀ mọ́ òpó. Àwòdì ló gbé gbogbo wọn lélẹ̀, láti orí ti àkọ́kọ́. Ó wá ku ẹyọ méjì. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún ti ìkẹyìn, àwọn ènìyàn ńlá ńlá yóò wá wò ó. Bí Àwòdì bá ń sọ̀rọ̀ ìtì ìkẹyìn yìí, ńṣe ló ń dà bí ìyá tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gboyè.

Ọjọ́ tó ń gbé èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni wàhálà dé.

Ìtì náà wà lójú òfurufú. Àwọn ọkùnrin ti na ọwọ́ sókè nísàlẹ̀, wọ́n ń dúró kí orí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n lè tọ́ ọ sójú àyè rẹ̀. Bàbá Àsíá, ẹni tí ń júwe fún Àwòdì láti ilẹ̀, mú rédíò lọ́wọ́ kan, àsíá pupa lọ́wọ́ kejì. Àfi bí ìgbà tí ẹnì kan ki irin gbígbóná bọ Àwòdì lẹ́yìn, lápá òsì, lábẹ́ ìhà. Ìrora náà kò dúró sójú kan. Ó ń yí bí ìdè tí wọ́n ń fi sípánà fún, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ikùn. Ojú rẹ̀ ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ọ̀pá.

"Ẹ máa júwe, Bàbá," ló wí sínú rédíò.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Wá sí ọ̀tún ọwọ́ rẹ. Ó tó. Sọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó!"

Ìtì náà jókòó, kò ró. Ọ̀gá iṣẹ́ tó dúró nísàlẹ̀ mi orí, ó ní, "Ẹ wò ó, bí ẹni gbé ẹyin lélẹ̀." Wọ́n tú ìkọ́. Àwòdì gbé ìkọ́ sókè, ó yí apá ẹ̀rọ kúrò lórí àwọn ènìyàn, ó ti gbogbo rẹ̀ pa. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí akoto orí rẹ̀, ó bì sínú rẹ̀.

"Bàbá," ló wí sínú rédíò, "ẹ rán ẹnì kan sí mi. Mi ò lè dá sọ̀kalẹ̀."

Sípíà ni wọ́n rán. Sípíà ni igbákejì rẹ̀, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó jẹ́ àbúrò ìyàwó ọ̀gá iṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bíi táyà tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ló rí, ọjọ́ tí táyà kan bá jò ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Ó so okùn mọ́ Àwòdì níbàdí, ó ń sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi èjìká gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àkàbà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwòdì, jọ̀ọ́, má jábọ́ lé mi lórí o. Ìyàwó mi ò tíì bímọ."

"Bí mo bá jábọ́, ìwọ lo máa gba àga mi. Kí lo wá ń bẹ̀rù?"

"Táyà sípíà kì í gbàdúrà kí ọkọ̀ dojú dé, jàre."

Nígbà tí wọ́n délẹ̀, ọ̀gá iṣẹ́ bi í pé kí ló ṣe é. Àwòdì nà ró, ó ní inú ló ń run òun, bóyá ohun tí òun jẹ ni. Ó mọ òfin ibẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, kó dìde lórí àga fún ẹni tí tirẹ̀ dá. Àwọn tó ń wa kirénì kì í ṣàìsàn. Wọn a máa gbé e mì ni.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tí kì í kánjú ló gbé fọ́tò náà síwájú iná.

"Ẹ wò ó, mà. Kíndìnrín yín ti òsì nìyí. Ẹnu ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde nínú rẹ̀ nìyí. Ohun funfun tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, òkúta ni."

"Òkúta? Nínú ara ènìyàn?"

"Inú ìtọ̀ ló ti ń dì. Ìtọ̀ tí omi rẹ̀ kò pọ̀ á ki, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa so mọ́ra, títí yóò fi le. Báwo lẹ ṣe ń mu omi sí?"

Àwòdì wo ọkọ rẹ̀ tó bá a wá. Ọkọ rẹ̀ wo àjà.

Dókítà ní òkúta náà tó hóró ẹ̀pà kan. Bí ó bá jẹ́ pé ó kéré bí ọkà bàbà ni, oògùn ìrora àti omi ni òun ìbá fún un, kí àwọn jọ máa wò ó títí yóò fi bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Èyí kò lè gba ọ̀nà náà kọjá. Kò sì dára kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó pẹ́, nítorí kíndìnrín tí ìtọ̀ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde á bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fún un ní oògùn. Ó ní bí ara rẹ̀ bá gbóná tí òtútù sì mú un, tàbí tí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́, kó má dúró kí ilẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀. Ó ní kí wọ́n tún padà wá láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí òun bá ti mọ bí òkúta náà ṣe le tó.

"Ọ̀nà tí à ń gbà yọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ," ni dókítà wí. "A ó jọ jókòó tì í."

Àwọn tí ń gẹ irun lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ kò dúró de dókítà. Àwòdì jókòó lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó ń gbọ́ wọn. Awakọ̀ kan wà lórí àga. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń dúró de tirẹ̀.

"Bíà ni," ni awakọ̀ wí. "Ìgò mélòó kan péré. Òkúta á sáré jáde, á tún máa kọrin."

"Ìwọ yìí, gbogbo àìsàn lo fi bíà wò," ni tíṣà wí. "Nígbà tí eyín ń dùn ọ́ ńkọ́?"

"Mo mu ún. Ó lọ."

"Eyín yẹn náà ló lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un rẹ́rìn-ín," ni onígbàjámọ̀ wí. "Abẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Etí ò ní sípíà."

Awakọ̀ ní ẹ̀yìn ni wọ́n ti dá ihò sí àna òun lára tí wọ́n fi yọ tirẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó lè tẹ̀ bá ilẹ̀. Tíṣà ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń lu òkúta láti ìta ara, wọn kò ní fi abẹ kàn ọ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n òun wọlé síbẹ̀ ní àárọ̀, ó jẹun alẹ́ nílé.

Àwòdì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n yín yẹn, sà, ìgbà wo ló padà síbi iṣẹ́?"

"Kò pẹ́ rárá, ọmọ mi. Bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan."

Àwòdì kò tún bi wọ́n léèrè. Ó ti yàn. Bí wọ́n bá lu òkúta náà kíá, òun yóò ti jókòó lórí àga òun kí ọjọ́ ìtì ìkẹyìn tó pé, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ ju pé inú run òun.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò tíì jókòó tán tó fi wí i. "Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lù láti ìta ni mo fẹ́, Dókítà."

"Ó dáa. Ìtọ́jú gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, kẹ́ ẹ má baà ra ọjà láìwo àtẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹ̀rọ tí ń lu òkúta láti ìta kì í dá egbò sílẹ̀, aláìsàn kì í sì í sùn sí ilé ìwòsàn. Ó dára fún òkúta tí kò le jù. Ti Àwòdì le. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan kó má fọ́ tán, kí wọ́n tún lù ú. Ọ̀nà kejì: wọn yóò kùn ún lóorun, wọn yóò ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ojú gba ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde, wọn yóò bá òkúta náà níbi tó wà, wọn yóò fi iná lésà lọ̀ ọ́ di iyẹ̀, wọn yóò sì kó èyí tó bá kù. Kò sí egbò lára níta. Wọn yóò fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ nínú ọ̀nà ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ọ̀nà má baà wú pa, lẹ́yìn náà wọn yóò fà á yọ. Ike náà kì í dùn mọ́ni. Ọ̀nà kẹta ni ti àna awakọ̀, ihò kékeré lẹ́yìn. Òkúta ńlá ni wọ́n ń fi ìyẹn mú, ara a sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sípò. Ó ní òkúta Àwòdì kò tíì dé ibẹ̀. Ti kí wọ́n la ara gbàràgàdà, ó ní ìyẹn ti fẹ́ẹ̀ di ìtàn.

"Kò sí èyí tó dára jù fún gbogbo ènìyàn," ni dókítà wí. "Olúkúlùkù wọn ló ní ibi tó dùn àti ibi tó kan."

Àwòdì ronú. Lẹ́yìn náà ó béèrè. "Èyí tí wọ́n ń lù láti ìta yìí. Nígbà tó bá fọ́ tán, ibo ni èérún rẹ̀ ń lọ?"

"Yóò máa bá ìtọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Bí ọ̀kan bá há ńkọ́?"

"Irú ìrora ọjọ́sí lè padà wá."

"Ṣé ó máa kìlọ̀ kó tó dé?"

"Rárá, mà." Dókítà wò ó dáadáa. "Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

Àwòdì sọ ọ́ fún un. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àwòdì wá ohun tó máa bá ọkọ rẹ̀ jà lé lórí. Ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló sè é.

"Ìyá àwọn ọmọ," ni ọkọ rẹ̀ wí, "sọ èyí tó wà nínú rẹ."

"Bí mo bá gba ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, wọn ò ní tíì yọ ike nínú mi nígbà tí ọjọ́ ìtì ìkẹyìn bá pé. Mi ò ní gbé e. Gbogbo èyí tó wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé e. Ẹlòmíràn ló máa wá fi ti ìkẹyìn dé e lórí."

"Bó o bá wá gba ti ẹ̀gbọ́n tíṣà ńkọ́?"

"Màá gbé e. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ọkọ rẹ̀ ti àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rọ̀ ara rẹ ni. Èyí tó o bá mú, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ká ní o mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́sí pé ìrora yẹn lè dé, ṣé o máa gòkè?"

Àwòdì kó àwo jọ. Ó fọ̀ wọ́n. Ohun tó ń rí nínú omi àwo kì í ṣe ìtì. Ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó nà sókè ló ń rí, tí wọn kò wo ibòmíràn nítorí pé wọ́n gbà pé òun ló wà lókè. Ó ti rò pé ohun tí òun fi ń yangàn ni pé òun kì í sọ̀kalẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tó jẹ́ ògo rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí àga yẹn, ẹrù rẹ̀ kò tíì ha ẹnikẹ́ni lára rí. Gbogbo àwọn tó jáde nílé ní àárọ̀ ló wọlé ní alẹ́. Ìyẹn kò sí lára afárá tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ó nu ọwọ́. "Ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni," ló wí. "Kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n kó o. Èmi ò fẹ́ ohunkóhun nínú ara mi tó lè bá mi lójijì."

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó tún fi kún un pé, "Iyọ̀ ọbẹ̀ náà pọ̀ lóòótọ́."

Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá ọ̀gá iṣẹ́ nínú kọ̀nténà tí wọ́n sọ di ọ́fíìsì rẹ̀. Bàbá Àsíá àti Sípíà wà níbẹ̀. Àwòdì kò ní kí wọ́n jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: òkúta náà, omi tí òun kì í mu, ìrora tó mú òun nígbà tí ìtì wà lókè, ìtọ́jú tí òun yàn.

"Inú rírun lo pè é fún mi," ni ọ̀gá wí.

"Irọ́ ni mo pa, ọ̀gá."

"Àti nígbà tí o gbé ìtì yẹn lélẹ̀ bí ẹyin…"

"Mi ò rí ojú ọ̀nà dáadáa. Ohùn Bàbá ni mo tẹ̀ lé."

Bàbá Àsíá jókòó lé orí àpótí kan. Ó yọ akoto rẹ̀, ó tún gbé e padà sórí.

"O wá ń sọ fún mi lójú ara mi," ni ọ̀gá wí, "pé kí n má gbé ọ gòkè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Títí dókítà yóò fi sọ pé ó tán."

Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu awakirénì kankan! Ó dáa. Sípíà! Ó ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ìwọ lo máa gbé ìtì ìkẹyìn."

Sípíà wo Àwòdì, ó wo ilẹ̀, ó yíjú sí ọ̀gá.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbé e."

"Kí lo wí?"

"Mo lè gbé irin. Mo lè gbé pákó. Ohun tó tóbi tó yẹn, nínú afẹ́fẹ́ odò, tí ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò gbé irú rẹ̀ rí. Mo fẹ́ sọ pé mo lè ṣe é ni, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n bí Àwòdì bá lè dúró níbí kó sọ tirẹ̀…"

Ọ̀gá dìde. "Àìsàn wo lẹ kó wọ ọ́fíìsì mi? Òótọ́ ti ń ràn bí ọ̀fìnkìn! Bàbá, ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti fọ́jú láti ọjọ́ yìí, tí o ò sọ fún wa?"

"Ojú mi dá ṣáká," ni Bàbá Àsíá wí. "Kọnkéré kì í jẹrà, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kó dúró dè é."

Ọ̀gá jáde lọ pe àwọn ènìyàn ńlá lórí fóònù. Wọ́n ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ní àkókò kan ó ṣí akoto, ó tẹrí ba, bí ẹni pé ẹni tó wà lórí fóònù rí i. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n sún un síwájú. Wọ́n bú mi. Bí wọ́n bá lé mi, ilé rẹ ni màá ti máa jẹun, Àwòdì, o gbọ́?"

"Ẹ máa bọ̀, sà. Iyọ̀ ọbẹ̀ wa pọ̀ díẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń fi ìka ha tábìlì. "Èmi ni mo ń sọ fún àwọn àlejò pé o kì í sọ̀kalẹ̀," ló wí nígbà tó yá. "Mo rò pé ìyìn ni mo ń fún ọ." Ó gbé ojú sókè. "Bí o bá padà, tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́, sọ̀ kalẹ̀. Kí gbogbo ayé dúró. Ìwọ náà, Sípíà, tí o bá wà lókè. Àga rẹ ń bẹ níbẹ̀, Àwòdì. Lọ tọ́jú ara rẹ."

Ó lọ. Wọ́n kùn ún lóorun, nígbà tó jí, dókítà fi iyẹ̀ òkúta náà hàn án nínú ìgò pẹlẹbẹ kan. Ó dà bí iyanrìn etí odò. Àwòdì wò ó títí. "Ṣé ohun tó fẹ́ mú mi pa ènìyàn nìyí?" Ike inú rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá tọ̀ tán, ó tún ń ṣe é bíi kó tọ̀. Bó bá yára dìde, ó ń gún un. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, dókítà sì ti sọ fún un pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń mu omi bí ẹni tí wọ́n gbìn sí ọgbà. Kò sọ pé ó rọrùn. Bí àwọn ará ìsọ̀ bá bi í, ohun tó ń sọ ni pé, "Ó kan, ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ tí yóò parí." Ọjọ́ náà pé, wọ́n fa ike yọ, wọ́n ya fọ́tò mìíràn. Inú kíndìnrín mọ́. Dókítà ní kó máa gòkè lọ, kó sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, torí òkúta tó dì lẹ́ẹ̀kan mọ ọ̀nà ilé.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ọjọ́ ìtì ìkẹyìn dé. Àwọn ènìyàn dúró sí etí odò ní ìhà méjèèjì. Àwòdì gun àkàbà láìdúró sinmi. Ó jókòó, ó gbá ọ̀pá mú, ó gbọ́ ohùn Bàbá Àsíá nínú rédíò.

"Ṣé ara dá, Àwòdì?"

"Ara dá ṣáṣá, Bàbá. Ẹ júwe."

Ó gbé ìtì náà kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá. Okùn irin náà kérora. Ìtì náà ń gòkè bọ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Nígbà tó dé agbede, afẹ́fẹ́ odò dìde, orí ìtì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá Àsíá gbé àsíá pupa sókè. Àwòdì dá a dúró. Àwọn ènìyàn ńlá ń wo aago ọwọ́ wọn. Ó ń rí wọn láti òkè. Kò mi. Ọwọ́ àwọn ọkùnrin náà wà ní ìnà sókè bí ti tẹ́lẹ̀, Sípíà wà láàárín wọn. Inú ara Àwòdì dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ohun tó lè bá a lójijì. Ó dúró títí afẹ́fẹ́ fi rẹ̀.

"Sọ̀ ọ́," ni Bàbá Àsíá wí. "Díẹ̀díẹ̀. Wá sí òsì ọwọ́ rẹ. Díẹ̀. Ó ku bí ìka. Ó ku bí irun orí."

Ìtì náà wọ àyè rẹ̀. Afárá di ẹyọ kan.

"Ó jókòó," ni Bàbá Àsíá wí. Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Ó jókòó, ọmọ mi."

Ariwo sọ nísàlẹ̀. Kò dé inú gíláàsì. Àwòdì wo etí odò láti ojú fèrèsé abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá aṣọ funfun tí onígbàjámọ̀ máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́, ó rí i. Ọkọ rẹ̀ di èjìká ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí mú, ó ń fi ọwọ́ kejì nàka sókè. Ó fi ìyẹn sílẹ̀, ó di ẹlòmíràn mú, ó tún nàka sókè. Àwòdì kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó jẹ́ kó sọ ọ́ yí gbogbo etí odò ká.